Omi Abẹ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: epo bẹntiróò ni ohun tí mo kọ́kọ́ wá tì ní Nàìjíríà. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń ta epo nínú ìgò, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé Nàìjíríà ló ti ń wá. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ibi tí epo ti ń wá sọ́dọ̀ wa, ṣe ni wọ́n á máa fi fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dé tí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fi dákẹ́. Epo ti tán nínú rẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sí Akanran, ìlú tó sún mọ́ wa jù, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ilé epo méjì ni mo lọ, mo tò títí oòrùn fi kàn mí ní àtàrí, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mo sì gbé padà. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọ̀gá mi sì ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Ìyá Ràbí ni ọ̀gá mi. Òun ló ni àtíbàbà tí a ti ń dín gààrí ní abà Ọlọ́pẹ. Abà náà kò tóbi. Bí ẹ bá yà kúrò ní títì Akanran, tí ẹ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko kòkó fún bíi wákàtí kan, ẹ ó kàn án: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò, mọ́ṣáláṣí kékeré kan, igi máńgòrò ńlá níwájú ilé Baálẹ̀. Bí inú bá ń bí Ìyá Ràbí, á pariwo. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á tún pariwo. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ́ bí mo ṣe lè dá ariwo kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó mú mi lọ síwájú Baálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní:

"Bàbá, èmi ni mo dúró fún un o. Tó bá ṣe dáadáa, tèmi ni. Tí ò bá ṣe dáadáa, tèmi náà ni."

N kò mọ̀ ọ́n rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ló sọ fún ẹnì kan pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ gààrí í dín ní ìhà Ìbàdàn. Mo sì mọ̀ ọ́n dín. Ọkọ mi ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ti gba ilẹ̀ tí mo ń dá, Àdùkẹ́ ọmọ mi sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi, ó ń lọ sí ilé ìwé. Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn. Kò sí ìtàn kankan níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé, bí mo ṣe kọjá ààlà, n kì í ṣe Yorùbá mọ́. Nílé, Nàgó ni wọ́n ń pè wá, àwa sì mọ̀ pé Yorùbá ni wá. Àwọn bàbá wa a máa fọ́nnu pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni mo ń lọ. Ní Ọlọ́pẹ, kí n tó la ẹnu tán, àwọn ọmọdé á ti máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ bí Kútọnu ṣe ń sọ̀rọ̀!" N kò dé Kútọnu rí láyé mi. Ẹni tó bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kútọnu, ó ti rìnrìn àjò gidi. Mo ṣàlàyé fún ẹni kìíní, mo ṣàlàyé fún ẹnì kejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ó rẹ̀ mí, mo bá ń jẹ́ Kútọnu.

Àsìkò òjò ni mo dé, omi kò sì jẹ́ nǹkan nígbà náà. Odò ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ abà, a ń pọn ọ́n bó ṣe wù wá. A ń fi fọ ẹ̀gẹ́, a ń fi wẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù a ó dà á nù. Láti àárọ̀ ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀gẹ́, n ó bẹ ẹ́ títí èékánná mi yóò fi dúdú. A ó lọ̀ ọ́, a ó dì í sínú àpò, a ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó jọ̀ ọ́, n ó sì wá jókòó ti agbada nínú èéfín. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, ohun tí ènìyàn mọ̀ sì máa ń ṣe é bí ilé.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo kórìíra. Ìyá Ràbí kì í dáná gààrí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo wọn á múra lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan á wá jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ìdíkọ̀. Ìgbà náà ni mo máa ń gun àpáta tó wà ní ojú ọ̀nà, torí pé orí rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé.

"Ṣé ò ń jẹun?" ìyá mi á bi mí.

"Mo ń jẹun, Màmá."

"Kí lo ń jẹ?"

"Gààrí."

"Háà! Gààrí tí o fi sílẹ̀ ní ilé yìí ni o gba ọ̀nà jíjìn lọ jẹ?" Á rẹ́rìn-ín, á gbé fóònù fún Àdùkẹ́.

Ìbéèrè kan náà ni Àdùkẹ́ máa ń bi mí ṣáá. "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń rọ̀."

"Ó ń rọ̀ níbí náà," á dáhùn, bí ẹni pé ìyẹn ti yanjú gbogbo ọ̀rọ̀. Èmi náà á sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ara á tù mí díẹ̀.

Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè wa là, ewé kòkó sì ń já bọ́ sílẹ̀. Nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Epo bẹntiróò kò wá mọ́, bó bá sì wá, owó rẹ̀ á mú kí ènìyàn káwọ́ lérí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹrosíìnì àti ọṣẹ. Iyọ̀ pàápàá, ìyàwó tó ń ta á ní abà wá ń fi ṣíbí kékeré wọ̀n ọ́n, kò sì fi jàrá sí i mọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi omi tí a fi fọ ìrẹsì fọ abọ́, kí a tó wá fi omi abọ́ náà rin ilẹ̀ tó ń ta eruku. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí tí olóṣèlú kan gbẹ́ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, omi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Odò wa sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni mo ti rí ayọ̀ mi àkọ́kọ́. Àwọn oníbàárà kan máa ń wá láti Alakia ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ki ọwọ́ bọ àpò gààrí, ó fi sẹ́nu, ó mi orí, ó ní, "Rárá. Ti Kútọnu ni mo fẹ́. Èyí tó ń dún kúkú lẹ́nu." Ìyá Ràbí pariwo, mo sì mọ irú ariwo tó jẹ́. Mo fi ìborùn nu ojú mi bí ẹni pé èéfín ló kó sí i.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wá le gan-an, Ràbí, ọmọ Ìyá Ràbí, bímọ ní Ọlọ́runṣògo. Ọ̀gá mi di ẹrù, ó fẹ́ lọ wẹ ọmọ títí di ọjọ́ ìkómọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí mi.

"Wọ́n máa gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ́la. Àpò mẹ́fà ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó bàjẹ́ o. Ọwọ́ ẹ ló wà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ẹ̀gẹ́ dé. Epo kò dé. Gbogbo ẹni tó bá ti dín gààrí rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á dúdú, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Mo rán ọlọ́kadà ní epo, ó padà lọ́wọ́ òfo. Mo rìn yí ẹ̀gẹ́ náà ká bí ẹni tó ń yí òkú ká. Nígbà tó yá ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. Kí ló dé tí mo fi ń pa ara mi lórí gààrí? Bí kò bá sí epo, mo lè rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, kí n fi ṣe láfún. Oòrùn tó ń pa wá yìí kan náà ni yóò bá mi sá a. Inú mi dùn sí ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kọrin.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, etí odò la ti ń gbẹ́ kòtò tí a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. A ó da ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí ewúrẹ́ má bàa dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí imọ̀ ọ̀pẹ lórí kòtò létí odò wa, ẹ kò ní láti béèrè. Èmi náà gba etí odò Ọlọ́pẹ lọ, mo ń wá ibi tí omi kù sí. Lábẹ́ igi ọparun kan ní òkè odò, níbi tí n kò dé rí, mo rí i: kòtò roboto kan, imọ̀ ọ̀pẹ sì bò ó dáadáa. Mo ká a kúrò. Omi wà níbẹ̀, ó tutù, ó mọ́ gaara. Mo ní, ẹ ò rí nǹkan, ẹnì kan ti gbẹ́ kòtò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ síbí, kò sì lò ó lọ́dún yìí.

Ọjọ́ ọjà ni, kò sí ẹni tó rí mi. Mo fi gbogbo ọjọ́ bẹ ẹ̀gẹ́, mo dì í sínú àpò Ìyá Ràbí, mo sì rù ú lọ ní ìgbà mẹ́fà. Mo tẹ̀ wọ́n rì, mo tún imọ̀ ọ̀pẹ tò padà ju bí mo ṣe bá a lọ, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, igbe ni mo gbọ́. Odò ìsàlẹ̀ abà ti gbẹ tán ní àná. Gbogbo obìnrin ti gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tẹ̀lé Ìyá Àgbà lọ sí abẹ́ ọparun láti lọ ṣí omi. Obìnrin arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ìyá Àgbà, ilé tiwọn nìkan ló kù ní abà náà tí wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì gbẹ́ kòtò yẹn. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án, àfi bí odò bá gbẹ. Omi mímu abà nìyẹn. Òun ni ìkẹyìn.

Mo sáré débẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ti kúrò lórí rẹ̀. Omi náà ti funfun, ó ń hó, òórùn ẹ̀gẹ́ rírà sì gba gbogbo abẹ́ ọparun. Ìyàwó Múfú, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ mi lọ, ti fa àpò kan jáde, ó gbé e sókè.

"Òwú pupa nìyí! Àpò Ìyá Ràbí ni! Ìyá Ràbí ló fẹ́ fi òùngbẹ pa wá!"

"Ìyá Ràbí kẹ̀?"

"Ta ló tún ń fi òwú pupa rán àpò lábà yìí?"

N kò ní purọ́ fún yín. Mo dákẹ́. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo dákẹ́ tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi bu omi kó sì mu ún tán. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé Ìyá Ràbí ọmọ onílẹ̀ ni, wọn ò lè lé e lọ síbì kankan. Èmi ńkọ́? Bí wọ́n bá lé mi, kí ni n ó gbé padà fún Àdùkẹ́? Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣépè, orúkọ obìnrin tó dúró fún mi ni wọ́n sì ń dá. Mo gba àárín wọn kọjá, mo bọ́ síwájú.

"Èmi ni," mo wí. "Ìyá Ràbí ò sí nílé. Èmi ni mo rẹ ẹ síbẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí síwájú Baálẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bí Ìyá Ràbí ṣe sọ̀ lórí ọ̀kadà láti ibi ìkómọ nìyẹn, ó ṣì gbé ọ̀rá àkàrà dání. Wọ́n ròyìn fún un lórí ìdúró. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ.

"Kó di ẹrù ẹ̀, kó máa lọ," ni ìyàwó Múfú wí. "Ṣe bí ibi tó ti wá ṣì wà níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn," ni àwọn mìíràn dáhùn.

Ìyá Ràbí gbé ọ̀rá àkàrà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ti wí i lójú yín. Mo ní tó bá ṣe dáadáa, tèmi ni, tí ò bá ṣe dáadáa, tèmi ni. Ẹ bá mi wí."

Ìyá Àgbà náà wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ ya ilẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ta ló fi omi yẹn hàn án?"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi.

"Oṣù méjọ ló ti ń bá wa jẹ, tó ń bá wa mu. Ìwọ ìyàwó Múfú, ṣé o mú un débẹ̀?"

"Èmi kẹ̀, Ìyá? Kí n lọ fi omi wa han ará Kútọnu?"

"Ẹ̀hẹ́n. Ìyá Ràbí, ìwọ ńkọ́?"

"Ìyá, mo gbàgbé ni."

"O ò gbàgbé. Kò sí ẹni tó ń fi omi ìkẹyìn han àlejò, ìyẹn lo rò." Ó yíjú sí Baálẹ̀. "Bàbá, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Àwa tí a ríran, a panu mọ́. Ẹ wá bi mí pé ta ló jẹ̀bi."

Ó yẹ kí inú mi dùn, torí pé ó ń gbèjà mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju "kó máa lọ" lọ. Wọ́n ti fi ibi tí ẹ̀fọ́ wà nínú igbó hàn mí. Wọ́n ti sọ fún mi ẹni tí kì í san gbèsè àti ajá tó ń gé ènìyàn jẹ. Mo ti rò pé mo mọ gbogbo abà tán. Gbogbo ìgbà yẹn, nǹkan kan wà tí wọ́n fi pa mọ́ fún mi, n kò sì mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí a kò fi omi ìkẹyìn hàn, àlejò ni, bó ti wù kí gààrí rẹ̀ máa dún lẹ́nu tó.

Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní: "Kó lọ gbọ́n ọn. Kó gbọ́n ọn títí yóò fi mọ́. Tó bá mọ́, kó máa bá wa gbé. Tí kò bá mọ́..." Kò parí rẹ̀. Kò sì ní láti parí rẹ̀.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni mo ti wà nínú kòtò. Mo kó ẹ̀gẹ́ náà jáde, mo sá a sórí àpáta, torí pé ẹ̀gẹ́ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. N kò tíì gbọ́n ogún igbá tí Ìyá Ràbí dé pẹ̀lú ọkọ́ àti bàsíà. Kò kí mi. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú kòtò, a sì jọ ń gbọ́n ọn. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ ọparun, ó ń darí wa. "Ẹ rọra fi ọkọ́ kan ìhà ibẹ̀, ojú omi wà níbẹ̀." A gbọ́n ọn kan ẹrẹ̀, a ha ẹrẹ̀ náà, a rù ú dànù. Omi tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í sun díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù.

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un gbọ́n."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ kejì. Gbogbo àkókò yẹn, Akanran ni wọ́n ti ń fi ọ̀kadà gbé omi wá, bẹ́ẹ̀ epo tún wọ́n. Àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé láìwẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá á pòṣé, mo sì ń gbọ́ òṣé náà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kòtò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó Múfú dé. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí títí.

"Kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ta ló kọ́ ẹ pé báyìí ni wọ́n ń di igbá mú? Wà á ṣẹ́ ara ẹ léjìká ni." Ó wọ inú kòtò, ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó sì ń gbọ́n. Nígbà tó fi máa di àṣálẹ́, obìnrin mẹ́rin ti wà nínú kòtò náà, wọ́n sì ń bú mi kíkankíkan bí wọ́n ṣe ń bá mi ṣiṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gun àpáta, mo pe ìyá mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni mo máa ń sọ fún wọn. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun.

"Tí wọ́n bá lé ẹ, máa bọ̀," ó wí níkẹyìn. "Ilé ò lé ọmọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́n omi àwọn ènìyàn ná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, gbogbo abà ló wà lábẹ́ ọparun, Baálẹ̀ náà wá. Omi ti sun lóru, ó ti jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ torí pé a ti ha ẹrẹ̀ ọdún pípẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá Àgbà mú ahá rẹ̀, igbá kékeré tó fi máa ń bu omi, ó bù ú. Ó gbé e sí imú. Kò dà á nù. Ó fi kan ètè, ó mu díẹ̀. Ó tún mu. Ó mu ún tán.

"Ó mọ́," ó wí.

Ìyá Ràbí lọgun. Kò sí ìdí fún mi láti ronú kí n tó mọ irú ariwo tó jẹ́. "Alihamudulilahi! Alihamudulilahi!" Èmi jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sì sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ fún ènìyàn.

Ìyá Àgbà na ahá náà sí mi. "Ẹni tó gbọ́n ọn ló mọ bó ṣe jìn tó. Ìwọ ni kí o máa bù ú fún wọn títí òjò yóò fi dé. Kẹ́ẹ̀gì méjì fún ilé kan. Má wojú ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ omi nìyẹn. Kí ojú ọjọ́ tó là ni mo máa ń wà níbẹ̀. Ìyàwó Múfú ló kọ́kọ́ dán mi wò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kẹta pa mọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, "Ẹ wo Ìyá Olómi o! Ẹni tó ba omi jẹ́ lánàá!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì rí kẹ́ẹ̀gì kẹta gbà. Omi ló jẹ́ kí n mọ ilé tí bàbá arúgbó wà tí kò lè dìde mọ́, tí mo ń bu ahá díẹ̀ kún tiwọn. Omi ló jẹ́ kí n mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Àwọn tó bú mi ra láfún tí mo sá sórí àpáta, wọ́n rò ó, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ní ó funfun dáadáa, ẹ̀gàn ni hẹ̀.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, ó gbé eruku, ó gbé ewé, ó gbé ìborùn mi lọ. Ìró òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ mọ́. A gbé gbogbo ohun tó lè gba omi síta, àwọn ọmọdé ń fò nínú ẹrẹ̀, Ìyá Ràbí dúró sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó ń kígbe pé òun fẹ́ wẹ̀ títí yóò fi sú òun. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, odò ti ń ṣàn. A gé imọ̀ ọ̀pẹ tuntun, a sì bo kòtò náà. Èmi ni wọ́n ní kí n fi òkúta tẹ etí rẹ̀.

Mo fọ ahá náà, mo gbé e lọ sí ilé Ìyá Àgbà. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbà, Ìyá. Òjò ti dé."

Kò gbójú sókè. "Kí n fi ṣe kí ni?"

"Tiyín ni, mà."

"Ṣé o fẹ́ lọ síbì kan ni? Ẹ̀ẹ̀rùn á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ni yóò bu omi fún wọn? Ṣé ẹsẹ̀ mi yìí ló máa gbé mi lọ sábẹ́ ọparun?" Ó ju ẹ̀gúsí kan sínú abọ́. "Lọ fi kọ́ ara ògiri yàrá ẹ."

Mo dúró níbẹ̀, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, títí ó fi ní kí n má dí òun lójú. Mo gbé ahá padà sínú yàrá mi, mo wo ògiri yíká. Kò sí ibi tí mo lè gbé e kọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé abà Ọlọ́pẹ, n kò kan nǹkan kan mọ́ ògiri yàrá yẹn rí. Inú báàgì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni gbogbo aṣọ mi wà.

Mo jáde lọ bá Ìyá Ràbí, mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi ní ìṣó kan.

Ó fún mi ní mẹ́ta.